Ìkòkò Bùrùkùtù Ní Nasarawa Gwong

    

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé tí ó kọjá. Ọ̀kan nínú wa tí ó ń gbé ní Nasarawa Gwong sọ ọmọ lórúkọ. Èrò pé, ìrẹsì jiná, ìlù dún. Bí a ti ń retí àlùfáà, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn wọlé, ó ru ìkòkò bùrùkùtù lórí, ó ní òun wá kí ìyá ìkókó. Àwọn kan nínú wa fa ojú ro. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ ọ́ sókè pé kí wọ́n gbé ìkòkò náà kúrò kí ènìyàn pàtàkì tó dé. Ìyá náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè ojú. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò kí ilé náà mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé, ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, pé ẹgbẹ́ wa kún fún ọmọ ìjọ Baptist àti Mùsùlùmí, ìkòkò ọtí kò sì yẹ ní àárín wọn. Àwọn kan ní ẹ̀bi ńlá ni. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ní kí àwa tí a ń kọ ojú-ìwé yìí lọ sí ilé ìyá náà, kí a wo ohun tí ó ń ṣe, kí a tọrọ gáfárà níbi tí ó bá yẹ, kí a sì jábọ̀. Ìjábọ̀ náà nìyí.

Àwa mẹ́ta ni a lọ, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ọ̀kan nínú wa ń mu ọtí níwọ̀nba. Ọ̀kan kò fi ọtí kan ẹnu rí láti ìgbà tí a ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ẹnìkẹta jẹ́ àgbà tí ó ti gbé Tamale ní Ghana kí ó tó di 1969, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ó sọ.

Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n. Nínú àgbàlá, bẹ́ńṣì gígùn mẹ́ta wà lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ìkòkò ńlá wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwo sì bo ẹnu wọn. Dúrọ́ọ̀mù méjì tí èéfín ti sọ di dúdú wà lórí ààrò. A bá bíríkìlà, àgbẹ̀ tí ó gbé ọkọ́ rẹ̀ ti ògiri, bàbá arúgbó méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà rí, àti àwọn obìnrin tí wọ́n ti ọjà bọ̀. Kò sí ẹni tí ó dá jókòó. Igbá kan ni ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, Hausa ni gbogbo wọn sì fi ń tàkúrọ̀sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ nílé rẹ̀ yàtọ̀.

A ṣàkíyèsí àṣà kan tí ó dára. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sanwó kí ó tó tọ́ ọ wò. Ìyá yóò bu díẹ̀ sínú igbá kékeré, yóò nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ó bá kan jù fún un, yóò sọ, ìyá yóò sì bu láti inú ìkòkò mìíràn tí kò tíì pẹ́. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà sọ fún wa pé àwọn tí ń ṣe wáìnì níbẹ̀ a máa ya ilé kan sọ́tọ̀ láàárín ìlú, tí ènìyàn yóò wọlé, tí wọn yóò bu díẹ̀díẹ̀ fún un láti tọ́ wò, tí yóò sì sanwó fún títọ́ wò náà. Ní Nasarawa Gwong, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ti ń pọn ọtí náà, nítorí ibẹ̀ ni ojú wa ti là. Ọkà bàbà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò ṣa òkúta àti ìdọ̀tí kúrò, wọn yóò rẹ ọkà náà sínú omi di ọjọ́ kejì. Wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn yóò fi ewé tàbí àpò bò ó, wọn yóò sì máa bu omi wọ́n ọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ọkà yóò hu. Híhù yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkà bá ń hu, ohun kan nínú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí sọ oúnjẹ líle inú rẹ̀ di ṣúgà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ó hu dáadáa, ọtí kò ní dùn, kò sì ní lágbára.

Lẹ́yìn náà wọn yóò sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò pò ó mọ́ omi. Ọ̀pọ̀ a máa fi gààrí kún un. Wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ó kan, wọn yóò sè é fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sì tún fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ó dàgbà. Bí ẹ bá ka gbogbo ọjọ́ náà pọ̀, ẹ ó rí i pé láti ìgbà tí ọkà ti wọ inú omi títí di ìgbà tí ọtí dé inú igbá, ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ọmọ Yorùbá kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yìí. Faparusi, Olofinboba àti Ekundayo ṣe ìwádìí lórí bùrùkùtù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn ni pé ìwúkàrà ni ó ń jẹ ṣúgà tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí, àwọn kòkòrò tín-íń-tín mìíràn ni ó sì ń mú un kan. Nítorí pé a kì í sẹ́ ẹ kí ó mọ́ kedere, ó máa ń nípọn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi ẹrẹ̀. Agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 3 sí 6 nínú 100. Bíà inú ìgò tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ nǹkan bí 5.

Àgbà wa tí ó ti Tamale bọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ó tọ́ ọ wò. Ó ní àbúrò pítò ni. Pítò ni àwọn ará àríwá Ghana ń pọn láti inú ọkà bàbà kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sẹ́ ẹ kí ó mọ́, ó sì máa ń dùn ju bùrùkùtù lọ. Ó rán wa létí oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, “Ẹni tí ó ti bá wọn jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà rí, tí ó ti kí wọn nígbà ayọ̀ àti nígbà ọ̀fọ̀, òun ni ó rí ẹni bá a tọ́jú ẹrù. Ẹni tí ó ń fi ojú di wọn kò rí ẹni tí yóò fún un lómi.” A kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́.

Nígbà náà ni a sọ fún ìyá pé nítorí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni a ṣe wá. Àgbà wa dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí ó fi ọwọ́ wọ́nú. Ìyá kò bínú jù bí a ti rò. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni ó dun òun. Nígbà tí oyún obìnrin náà wọ oṣù rẹ̀, òun ti wò ó pé ọmọ kò ní pẹ́ dé, òun sì ti rẹ ọkà sínú omi, kí ọtí baà lè tó mu ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. “Kí ọmọ yín tó dé ayé,” ó ní, “mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Ta ni nínú àwa tí a gbé owó sínú àpò ìwé wá ní ọjọ́ náà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ẹ̀bùn rẹ̀ kí a tó bí ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ òtítọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ tí wọ́n lé ìkòkò ìyá jáde, páálí bíà wà lábẹ́ tábìlì lẹ́yìn ilé, ẹni tí ó mọ ibẹ̀ sì ń yọ́ lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ọtí ni a kọ̀ nígbà náà. Ìkòkò ni a kọ̀, a gba ìgò. Láti 1949 tí bíà Star ti kọ́kọ́ jáde ní Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka ìgò sí ọ̀làjú. Ṣùgbọ́n ní 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má ṣe kó ọkà báálì wọlé láti òkè òkun mọ́, kí ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà fi ń pọn ọtí? Ọkà bàbà àti àgbàdo ni. Ọkà tí ìyá yìí ń rẹ nínú àgbàlá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mu nínú ìgò, tí wọ́n sì gbóríyìn fún.

Àwọn bàbá wa pàápàá kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n pọn ọtí ọkà, wọ́n fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n jù ṣe àgàdàǹgídì. Ẹmu àti ògùrọ̀ ni a mọ̀ jù nítorí pé ọ̀pẹ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n orí òkè tí ó ga tó 1,200 mítà ni a wà níbí, òtútù kò sì jẹ́ kí ọ̀pẹ ṣe é bí ó ti ń ṣe é ní ìsàlẹ̀. Ọkà bàbà, tàmbá àti áchà ni ilẹ̀ yìí mọ̀. Ohun tí ilẹ̀ bá fún ènìyàn ni ènìyàn fi í ṣe àlejò.

Síbẹ̀, a kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ọtí ní ewu. Ìtàn ilẹ̀ wa sọ ọ́ pé ẹmu ni ó pa Ọbàtálá tí ó fi sùn lọ, tí Oòduà fi gba iṣẹ́ dídá ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu. Bí ọtí bá lè ṣe èyí sí òrìṣà, kí ni kò lè ṣe sí ọmọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù rẹ̀? A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àgbàlá náà tí ó ti mu yó kí oòrùn tó yí. Ìyá kò tà fún un mọ́, ó ní kí ó lọ sùn. Kì í ṣe gbogbo olọ́tí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì ṣe pa bùrùkùtù pọ̀ mọ́ ọtí líle tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn ènìyàn mu ògógóró, ojú wọn fọ́, ọ̀pọ̀ sì kú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers ní ọdún kan náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé tí a ń pè ní methanol ni ó wà nínú rẹ̀. Bùrùkùtù kì í ṣe ọtí tí a ń sè kí a gba èéfín rẹ̀ bí ògógóró. Ewu tirẹ̀ ni omi ìdọ̀tí, igbá tí a kò fọ̀, àti pípẹ́ nílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó máa ń kan bí ọtí kíkan. Nítorí náà, ojú ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ mu fi wo àgbàlá kí ó tó fi ẹnu tọ́ ọtí wò.

Ẹ rántí bí a ti dé ìlú yìí. Rélùwéè láti Zaria dé Bukuru ní 1914, èyí tí ó wá láti Port Harcourt sì dé Jos ní 1927. Àwọn bàbá wa bá a wá pẹ̀lú aṣọ, pẹ̀lú obì, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn. Àwọn Berom, Afizere àti Anaguta ti ń ro oko lórí òkè yìí kí rélùwéè tó dé. A tà fún wọn, a rà lọ́wọ́ wọn, a gba ilé lọ́wọ́ wọn, a bí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìjàngbọ̀n 2001, 2008 àti 2010 wá, Nasarawa Gwong sì wà lára àwọn àdúgbò tí ó rí i. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó lọ sí ibi tí àwọn tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run ń gbé, ògiri sì ti ga sí i láàárín aládùúgbò àti aládùúgbò. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wa bá ru ìkòkò wọ ilé wa ní ọjọ́ ayọ̀, kì í ṣe ọtí nìkan ni ó rù.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn wa sí ẹgbẹ́.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni mu ọtí. Mùsùlùmí tí ó kọ̀ ọ́ ṣe dáadáa. Ọmọ ìjọ tí ó ti bá ìjọ rẹ̀ dá májẹ̀mú pé òun kò ní mu, kí ó pa májẹ̀mú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá wa lọ tí kì í mu kò mu ní ọjọ́ náà. Ìyá bu kúnú fún un, ó mu ún tán, ó sì tọrọ sí i. Kò sí ẹni tí ó bínú sí i.

Èkejì, ẹ̀bùn yàtọ̀ sí mímu. Bí aládùúgbò bá gbé ìkòkò wá, kí onílé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ó dúpẹ́, kí ó sì gbé e fún àwọn àlejò tí wọ́n ń mu. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dá ìkòkò padà ní òfìfo. Kí a fi ẹ̀wà, iyọ̀, ọṣẹ tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ bá tó sí inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe nílé.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn òbí kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi owó iṣẹ́ jókòó sí ilé ọtí láti àárọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tán lórí bẹ́ńṣì, kí ni ìyàwó yóò fi lọ ọjà?

Ẹ̀karùn-ún, kí ìgbìmọ̀ ìyá ẹgbẹ́ máa bẹ àwọn obìnrin aládùúgbò wò, kì í ṣe ní ọjọ́ ayẹyẹ nìkan. Àwọn tí ń pọn ọtí yìí jẹ́ ìyá bí ìyá wa. Owó ọkà, owó igi ìdáná àti owó omi ni wọ́n ń yọ kúrò kí wọ́n tó rí èrè, inú èrè kékeré náà ni wọ́n sì ti ń san owó ilé-ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ẹ̀yà kan ní ìlú yìí tí ó lè dá gbé e.

Ìmọ̀ràn yìí yóò wá sí iwájú ìpàdé tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lòdì sí i, kí ó dìde sọ ọ́ níbẹ̀, kí ó má ṣe sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ìròyìn ẹbí: Inú wa dùn láti sọ pé ìyá ìkókó Nasarawa Gwong àti ọmọ rẹ̀ wà ní àlàáfíà. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ wa bí ìbejì, takọ-tabo. A kí Táíwò, a kí Kẹ́hìndé. Méjì nínú àwọn ọmọ wa yege ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n rí ibi wọlé. A bá ẹbí kan kẹ́dùn ikú bàbá wọn, ẹni tí wọ́n gbé lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má gbàgbé láti mú owó ìrànlọ́wọ́ yín wá fún akápò. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi aṣọ bo àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ má sì ṣe gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.